Ìyá Tó Ń Tọrọ Oògùn Nílé Ọ̀fọ̀

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí inú mi tó rọ̀: ìyá tó bí ìyá mi dá mi lágara. Wọ́n dá gbogbo ilé wa lágara. Ó ti tó oṣù mélòó kan báyìí tí a ti sin wọ́n, àwọn tó wá kí wa sì ti sọ gbogbo ohun tí èèyàn máa ń sọ: pé èèyàn dáadáa ni wọ́n, pé ọwọ́ wọn kì í dilẹ̀, pé kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Àmín o. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nínú wọn tó sọ ohun tí gbogbo wọn mọ̀, pé bí Ìyá Àgbà bá ń bọ̀ ní òpópónà kan ní Ìkòsì, àwọn kan máa ń sáré yà sí òpópónà kejì.

Oògùn ló fà á. Ìyá Àgbà máa ń gba oògùn tó ṣẹ́ kù nílé àwọn èèyàn, èyí tí wọ́n rà tí wọn kò lò tán, wọ́n á sì kó o lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan tó wà lẹ́yìn mọ́sálásí àdúgbò wọn. Ibẹ̀ ni àwọn alábàárù Mile 12 ń lọ, àti àwọn obìnrin tó ń ṣa tòmátì nídìí ọkọ̀ ẹrù, àti ẹnikẹ́ni tí agbára rẹ̀ kò ká ilé ìwòsàn ńlá. Nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń darí ibẹ̀. Mátírónì ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Apòògùn kan máa ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti yẹ oògùn tí wọ́n bá kó jọ wò. Èyí tó bá dára, wọ́n á fi fún ẹni tí dókítà bá kọ ọ́ fún. Èyí tí kò bá dára, wọ́n á bà á jẹ́. Iṣẹ́ gidi ni, kò sì sí ẹni tó bá iṣẹ́ náà jà nínú wa. Ọ̀nà tí Ìyá Àgbà ń gbà ṣe é ni ìyọnu.

Ibi tí oògùn máa ń pọ̀ sí jù ni ilé ọ̀fọ̀. Ẹni tó bá ṣàìsàn pẹ́ kó tó kú, oògùn rẹ̀ á kún orí tábìlì, kò sì sí ẹni tó máa ń fẹ́ fọwọ́ kàn án. Wọ́n á dì í mọ́ aṣọ ìbora àti kọ́ọ̀pù tí aláìsàn fi ń mu omi, wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ dà nù, torí ta ló fẹ́ jogún àìsàn? Ìyá Àgbà mọ èyí dáadáa, nítorí náà wọn kì í jẹ́ kó pẹ́. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ẹnì kan kú láti Kétu títí dé Mile 12, ìbáà jẹ́ ẹni tí wọn kò mọ̀ rí, wọ́n á wé gèlè, wọ́n á ní kí n wá sin àwọn lọ. Wọ́n á jókòó ti ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, wọ́n á di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n á bá a sunkún. Ẹkún gidi ni, mi ò ní í purọ́ mọ́ wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n á nu ojú, wọ́n á wá bi í pé kí ló ṣe olóògbé gan-an, àti pé kí ni wọ́n fún un lò.

Nílé kan ní Kétu, àkọ́bí olóògbé dìde sí wa. Ó ní ta ló rán wọn níṣẹ́, kí ni wọ́n fẹ́ fi oògùn tí bàbá òun fẹnu kàn ṣe? Ohun tó ń rò hàn kedere lójú rẹ̀. Gbogbo àwọn tó jókòó yíjú sí mi bí ẹni pé èmi ni mo bí Ìyá Àgbà, pé mi ò kọ́ wọn nílé. Mo ti ń fà wọ́n lápá kí a máa lọ, wọn ò dìde. Wọ́n ní kí ọkùnrin náà jókòó, kí ó fara balẹ̀. "Ẹni tó lọ ò ní í padà wá gbé e mì," ni wọ́n wí fún un. "Ẹni tó máa gbé e mì ń bẹ níta, kò rówó rà á."

Nígbà tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n tí wọn ò lè rìn káàkiri mọ́, mo rò pé a ti bọ́. Mi ò mọ̀ pé orí mi ló máa já lé. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Kétu tí mo ti ń ṣe irun fún àwọn obìnrin. Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ kẹ̀kẹ́ wá láàárọ̀, wọ́n á gba àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń gbẹ irun, wọ́n á sì jókòó síbẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá wà lábẹ́ ẹ̀rọ yẹn kò lè sá lọ. Róláà ti kún orí rẹ̀, ọrùn rẹ̀ kò ṣeé yí. Ìyá Àgbà á kí i, wọ́n á béèrè àwọn ọmọ, wọ́n á yin ara rẹ̀ tó ń dán, lẹ́yìn náà wọ́n á bi í bóyá ẹnì kan ní ẹ̀jẹ̀ ríru nílé wọn.

Oníbàárà mi kan, Aunty tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, gbé orí kúrò lábẹ́ ẹ̀rọ láìtíì gbẹ. Ó ní irun lòun wá ṣe, pé òun ò wá rojọ́ àìsàn ìyá ọkọ òun fún ẹnikẹ́ni. Ó lọ pẹ̀lú omi tó ń kán sọ́rùn rẹ̀. Inú bí mi gan-an. Mo sọ fún Ìyá Àgbà pé tí wọ́n bá lé gbogbo oníbàárà mi tán, kí wọ́n wá máa fi káàdì oògùn bọ́ mi. Wọ́n wò mí bí ẹni pé èmi ni mo ń ṣe bí ọmọdé. Ohun tó tún wá dùn mí jù ni pé Aunty yẹn padà wá lọ́sẹ̀ kejì, ó gbé ọ̀rá dúdú kan lé wọn lẹ́sẹ̀, ó sì lọ jókòó láìsọ̀rọ̀. Ìyá Àgbà yẹ inú ọ̀rá náà wò, wọ́n mi orí, wọ́n wá kọjú sí mi níṣojú gbogbo ṣọ́ọ̀bù. "Àjọkẹ́, irun tó o bá bà jẹ́ á tún hù," ni wọ́n wí. "Oògùn tí ọjọ́ ẹ̀ bá ti kọjá, ṣé á hù?"

Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn, eré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ gígé káàdì. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ra oògùn ní kẹ́mísìtì mọ ohun tí mò ń sọ. Tí owó èèyàn kò bá ká odidi káàdì, wọ́n á fi àlùmọ́gàjí gé ìdajì fún un. Àwa náà ń gé e nílé, èyí tí a fẹ́ gbé sínú báàgì, èyí tí a fẹ́ fún aládùúgbò. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo lára káàdì ni wọ́n sì máa ń kọ ọjọ́ tí oògùn máa bàjẹ́ sí. Tí wọ́n bá ti gé ẹ̀gbẹ́ yẹn lọ, Mátírónì ò ní í gbà á, ìbáà jẹ́ àná ni wọ́n rà á. Ìyá Àgbà ti gbé oògùn tó dára rù wálé títí, ó ti sú wọn. Wọ́n wá pinnu pé àwọn máa kọ́ gbogbo ayé pé ẹ̀gbẹ́ tí kò ní déètì ni kí wọ́n ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tó dára ni. Àfi pé àwọn aláìsàn ni wọ́n ń kọ́. Àìsàn rọpárọsẹ̀ dá Bàbá Lánlọ́ọ̀dù wọn dùbúlẹ̀, a lọ kí wọn. Mo rò pé àdúrà la fẹ́ ṣe. Ìyá Àgbà gbé káàdì oògùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, wọ́n yí i sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, wọ́n pòṣé. Wọ́n wá ń ṣàlàyé fún ìyàwó Bàbá pé ìhín ni kí ó ti máa yọ ọ́, kí ó má fọwọ́ kan apá ọ̀hún rárá, kí èyí tó bá ṣẹ́ kù lè wúlò fún ẹlòmíràn. Bàbá ọ̀hún ń gbọ́. Ọ̀rọ̀ ni kò lè sọ, etí ò di. Mo rí i bí ojú wọn ṣe yí padà, mo sì fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kí n wọlé. Ìyàwó wọn ṣílẹ̀kùn fún wa láìjẹ́ pé a ti ní a fẹ́ lọ. Bàbá Lánlọ́ọ̀dù gbádùn, Ọlọ́run ṣeun, wọ́n ń fi ọ̀pá rìn kiri Ìkòsì títí di òní, wọ́n sì ń sọ fún ẹni tó bá dúró gbọ́ pé obìnrin kan ti pín oògùn àwọn lójú àwọn. Nígbà tí mo bínú sí Ìyá Àgbà lójú ọ̀nà, ẹnu yà wọ́n. "Ṣé mo ní kí wọ́n kú ni?" ni wọ́n bi mí. "Mo ní kí wọ́n gé e dáadáa."

Àlùbọ́sà ni wọ́n tà ní gbogbo ayé wọn, ní Mile 12, láti ìgbà tí wọ́n ti Ìsẹ́yìn dé. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ bí wọ́n ṣe ń ronú. Àlùbọ́sà tí òjò bá pa nínú ọkọ̀, tí wọ́n bá dì í bẹ́ẹ̀, gbogbo àpò ló máa jẹrà. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé wọ́n á tú u sílẹ̀, wọ́n á sá a sí oòrùn, wọ́n á máa yí i kí atẹ́gùn lè kàn án. Ní àkókò òjò kan, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn jò sí orí oògùn tí wọ́n ti ń kó jọ láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n kò pe ẹnikẹ́ni. Wọ́n tẹ́ ẹní sí àgbàlá, wọ́n to gbogbo káàdì náà sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì jókòó tì í nínú oòrùn ọ̀sán, wọ́n ń yí i. Nígbà tó gbẹ, wọ́n dì í, wọ́n ní kí n bá àwọn gbé e lọ. Inú wọn ń dùn lójú ọ̀nà, wọ́n ń ṣàlàyé fún mi bí kò ṣe sí ọ̀kankan tó bàjẹ́ nínú rẹ̀.

Mátírónì fọwọ́ kan káàdì kan, wọ́n bi wọ́n pé kí ló dé tó gbóná. Ìyá Àgbà sọ fún wọn. Mátírónì wá àga, wọ́n jókòó. Wọ́n ṣàlàyé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé oòrùn tó ń ṣe àlùbọ́sà lóore ń pa oògùn, pé ẹni tó bá lò ó lè rò pé òun ti gba ìtọ́jú nígbà tí kò gba nǹkan kan. Lẹ́yìn náà wọ́n fa apẹ̀rẹ̀ ìdalẹ̀nù jáde, wọ́n da gbogbo rẹ̀ sí i. Ìyá Àgbà ò bá wọn jà. Àmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ lẹ́yìn náà, wọ́n jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi láìbi oníbàárà kankan ní ohunkóhun, èyí tó yẹ kó jẹ́ ìsinmi fún mi, tí kò sì jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní kí wọ́n gbàgbé ọ̀rọ̀ náà, pé oògùn mìíràn á wá. Wọn ò gbọ́ mi. "Ó dà á nù lójú mi, Àjọkẹ́," ni wọ́n ń sọ. Mo rò pé àsọdùn ni.

Ilé kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo agbègbè wa tí Ìyá Àgbà kò jẹ́ lọ tọrọ oògùn. Ìyàwó méjì ni Bàbá Àgbà ní. Ìyá Àgbà ni ìyálé. Ìyàwó kejì ń gbé ní Alápẹ̀rẹ̀, nílé tí Bàbá Àgbà kú sí, àwa ọmọ-ọmọ sì ń pè wọ́n ní Ìyá Alápẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí ọkọ wọn ti kú, nígbà tí mo ṣì kéré, àwọn méjèèjì ò kí ara wọn. Bí ìgbéyàwó bá pa wá pọ̀, ọ̀kan á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, èkejì á lọ sí ìsàlẹ̀ yàrá. Mo bi Mummy nídìí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní kí n lọ kọjú mọ́ iṣẹ́ mi. Ìyá Alápẹ̀rẹ̀ ní ọmọkùnrin kan, Mùsílíù, tí wárápá ti ń dà láàmú láti kékeré. Gbogbo wa mọ̀ pé ó ń lo oògùn. Ìyá Àgbà, tó mọ oògùn tó wà nílé gbogbo ayé, kò dárúkọ rẹ̀ rí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni ti Kúdírá. Kúdírá ń din àkàrà lẹ́nu òpópónà kan ní Ìkòsì, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ọmọ méjì ló ń fi bọ́, kò sì sí ọkùnrin kankan tó ń ràn án lọ́wọ́. Wárápá ń ṣe òun náà. Kó tó di pé ó mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn Mátírónì, ó ti ṣubú nídìí iná rí, epo gbígbóná sì bó apá rẹ̀ òsì láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Ìyá Àgbà ló rí oògùn wárápá tí wọn ò tíì ṣí gbà nílé ọ̀fọ̀ kan. Dókítà tó ń wá síbẹ̀ yẹ Kúdírá wò, ó sì fi í sórí oògùn yẹn. Láti ìgbà náà, kò ṣubú mọ́. Ìyá Àgbà á yà síbẹ̀ lójoojúmọ́ bíi pé àkàrà ni wọ́n fẹ́ rà, wọ́n á kàn dúró, wọ́n á máa wo bó ṣe ń dà á sínú epo.

Oògùn náà wá ń tán lọ. Ibi tí Mátírónì ti ń rí tiwọn gbà kò ní in mọ́. Àwọn ilé ìtajà oògùn láti Kétu dé Ọ̀jọ́tà ní àwọn tó ń ṣe é kò kó o wá sílùú mọ́, èyí tó sì kù níbòmíràn ti kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa lè máa rà lóṣooṣù. Dókítà ní kò gbọdọ̀ dáwọ́ dúró lójijì, pé wárápá náà lè padà wá pẹ̀lú agbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Láti yí i sí òmíràn, ó gba ilé ìwòsàn ńlá, ó sì gba àkókò. Mátírónì ní kí Kúdírá kúrò nídìí epo ná. Kúdírá ní kí wọ́n sọ ohun tí àwọn ọmọ òun máa jẹ fún òun.

Ìyá Àgbà ò sùn, wọn ò sì jẹ́ kí n sinmi. Wọ́n ní kí n pe gbogbo oníbàárà mi. Wọ́n ní kí n gbé àwọn lọ sí mọ́sálásí tó jìnnà, kí n gbé àwọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ń bi àwọn èèyàn tí a pàdé nínú kẹ̀kẹ́. Ó sú mi, mo sọ ọ́ fún wọn láìfi bò: àìsàn Kúdírá kì í ṣe àìsàn wọn, àwọn kọ́ ni Ọlọ́run, wọ́n ti ṣe tiwọn. Wọ́n gbọ́ mi dópin. "Mo ti bẹ̀rẹ̀ ẹ fún un, Àjọkẹ́," ni wọ́n wí. "Mi ò lè wá fi í sílẹ̀ sídìí epo gbígbóná."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọkọ̀ kọlu Mùsílíù ní Ọ̀jọ́tà. Kò dé ilé ìwòsàn kó tó kú. Mummy ló pè mí lórí fóònù. Bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀ tí mo sọ fún Ìyá Àgbà, a wo ara wa, mo sì mọ̀ pé ohun kan náà ló wá sí wa lọ́kàn. Ojú tì mí pé ó wá sí mi lọ́kàn kíákíá bẹ́ẹ̀. Ìyá Àgbà wé gèlè, wọ́n tú u, wọ́n tún un wé. Wọ́n ní kí n pe kẹ̀kẹ́.

Àwọn obìnrin ti kún yàrá nígbà tí a dé Alápẹ̀rẹ̀. Ìyá Alápẹ̀rẹ̀ jókòó sílẹ̀, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, ojú wọn ti wú. Gbogbo wọn yíjú sí ẹnu ọ̀nà bí wọ́n ṣe rí ẹni tó wọlé. Ìyá Àgbà jókòó sítòsí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, o kú àfẹ́kù ọmọ." Ìyá Alápẹ̀rẹ̀ mi orí. Mo gbé ojú sókè, mo sì rí i lórí pèpéle tẹlifíṣọ̀n: páálí oògùn tí mo ti dá mọ̀ bí orúkọ mi, ọ̀kan lórí èkejì, wọn ò tíì ṣí i. Ìyá Àgbà náà ti rí i. Mo mọ̀ nítorí pé wọ́n tètè gbé ojú kúrò.

Mo dúró de ọ̀rọ̀. Kò sí ọ̀rọ̀. Mo fi ẹsẹ̀ kàn wọ́n lẹ́sẹ̀, wọ́n ń wo ilẹ̀. Ẹ bá mi wò ó. Ìyá tó ti bi ẹni tó ń kú léèrè oògùn rẹ̀, tó ti lé oníbàárà mi lọ, tó ti jẹ́ kí wọ́n wò wá bí àjẹ́ láti Kétu dé Mile 12, ọjọ́ kan ṣoṣo tó yẹ kí wọ́n béèrè ni ẹnu wọn wọhò. Kúdírá wà nídìí epo. Oògùn wà lójú wa. Mo fẹ́ pariwo. Mo fẹ́ béèrè fúnra mi, ṣùgbọ́n ta ni mo jẹ́ nínú yàrá yẹn? Ó pẹ́ díẹ̀, Ìyá Àgbà fọwọ́ lé orúnkún, wọ́n dìde, wọ́n ní àwọn á máa lọ.

A ti dé ẹnu ọ̀nà kí Ìyá Alápẹ̀rẹ̀ tó la ẹnu.

"Ìyálé mi. Wọ́n ní gbogbo ilé òkú lẹ ti ń gba oògùn. Ṣé tèmi ni ò dáa?"

Ìyá Àgbà dúró, wọn ò yíjú padà.

"Àbí ẹ tún fẹ́ gbé e lọ dà sí gọ́tà ni?"

Ibẹ̀ ni mo ti wá gbọ́ ọ, lẹ́nu àwọn obìnrin tó ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ohun tí Mummy kò jẹ́ sọ. Nígbà tí Bàbá Àgbà ń ṣàìsàn nílé yẹn, Ìyá Alápẹ̀rẹ̀ ta aṣọ wọn láti ra oògùn tí dókítà kọ. Ìyá Àgbà dé, wọ́n ní ìyàwó kékeré fẹ́ fi oògùn pa ọkọ àwọn. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ jáde, wọ́n sì dà á sí gọ́tà iwájú ilé lójú ẹni tó rà á. Kò pẹ́ tí Bàbá Àgbà fi kú. Bóyá oògùn náà ì bá ti dá wọn sí, kò sẹ́ni tó mọ̀.

Ìyá Àgbà yí padà, wọ́n sì kúnlẹ̀. Ẹsẹ̀ tí wọ́n ní kò ṣeé tẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ń gbé wọn kiri, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ìyálé kì í kúnlẹ̀ fún ìyàwó, gbogbo yàrá sì ti ń ní rárá, kí wọ́n dìde. Mo na ọwọ́ sí wọn, wọ́n gbá a dànù.

"Àbẹ̀kẹ́, mo dà á nù," ni wọ́n wí. "Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ṣà á jọ."

Mo wà níbẹ̀, gbogbo ọ̀rá dúdú tí mo ti bá wọn gbé sì ń yí lórí mi. Inú ń bí mi pé wọn ò sọ ọ́ fún mi rí. Ẹkún sì ń gbọ̀n mí.

Ìyá Alápẹ̀rẹ̀ ò ní kí wọ́n dìde. Wọ́n bi wọ́n pé ta ni wọ́n fẹ́ gbé e fún. Ìyá Àgbà sọ ọ̀rọ̀ Kúdírá fún wọn lórí ìkúnlẹ̀, àti ti apá tó bó, àti ti epo. Ìyá Alápẹ̀rẹ̀ gbọ́ tán. Wọ́n ní àwọn á yọ̀ǹda rẹ̀ lẹ́yìn fídáù ọmọ àwọn, ṣùgbọ́n àwọn ò ní í gbé e lé ìyálé àwọn lọ́wọ́ láéláé. Àwọn fúnra àwọn làwọn máa gbé e lọ.

Wọ́n sì gbé e lọ. Àwa mẹ́ta la há sínú kẹ̀kẹ́ kan náà, èmi ní àárín, páálí oògùn lórí itan Ìyá Alápẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ nínú wọn àfi ìgbà tí wọ́n ń jiyàn lórí ibi tí ó yẹ ká ti bọ́ sílẹ̀. Mátírónì yẹ oògùn náà wò, wọ́n ní ó dára. Wọ́n ránṣẹ́ pe Kúdírá, ó sì wá pẹ̀lú èèpo ẹ̀wà lọ́wọ́. Ìyá Alápẹ̀rẹ̀ mú apá tó bó yẹn, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ń bi í ní ìbéèrè tí ẹlòmíràn ò mọ̀ láti bi: kí ló máa ń kọ́kọ́ rí kó tó ṣubú, ṣé ẹnu rẹ̀ máa ń korò, ta ló máa ń wà nítòsí rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní páálí wọ̀nyí náà á tán, pé ilé ìwòsàn ìjọba tí Mùsílíù ti ń gba tirẹ̀ mọ àwọn dáadáa. Wọ́n mú Kúdírá lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n sì ń mú un lọ lóṣooṣù títí di ìsinsìnyí. Kúdírá ló sọ fún wa pé nígbà tí wọ́n béèrè lójú fèrèsé pé kí ni òun jẹ́ sí wọn, Ìyá Alápẹ̀rẹ̀ ní ọmọ àwọn ni.

Ṣé ẹ rò pé inú Ìyá Àgbà dùn? Wọ́n fajú ro ní gbogbo ọjọ́ yẹn. Wọ́n ní àwọn làwọn rí Kúdírá, àwọn làwọn bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àti pé bí Àbẹ̀kẹ́ ṣe ń ṣe láti ilé ọkọ nìyẹn. "Ó tún ti gbà á lọ́wọ́ mi," ni wọ́n wí. Láti ìgbà náà ni àwọn méjèèjì ti ń jà lórí fóònù ní ṣọ́ọ̀bù mi, pẹ̀lú ohùn tó ń jáde síta, lórí àkókò tó yẹ kí Kúdírá máa lo oògùn, lórí ẹni tó máa sìn ín, lórí oúnjẹ tí kò gbọdọ̀ jẹ. Àwọn oníbàárà mi bẹ̀rẹ̀ sí í pín sí ẹgbẹ́ méjì.

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan ni Ìyá Àgbà kú, lórí àga wọn nílé, lẹ́yìn ìrun. Wọn ò ṣàìsàn. Wọ́n ti sọ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ náà pé tí Àbẹ̀kẹ́ bá pè, kí n sọ fún un pé àwọn ò tíì ṣe tán pẹ̀lú rẹ̀. Bí mo ṣe pe Ìyá Alápẹ̀rẹ̀ tí mo sọ ọ́ fún wọn, wọ́n kàn gé fóònù. Wọ́n dé kí àwọn obìnrin tó wẹ òkú tán, Kúdírá ń dì wọ́n mú lápá. Wọ́n gba kèǹgbè omi lọ́wọ́ ẹni tó ń bu omi, wọ́n sì bá wọn wẹ ìyálé wọn dé òpin. Nígbà tí wọ́n jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìbátan wa kan fẹ́ tù wọ́n nínú. Ó ní kí wọ́n dárí ji ìyálé wọn, kí wọ́n fi ọkàn balẹ̀, pé ìjà ti parí.

Ìyá Alápẹ̀rẹ̀ wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Omi òkú ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

"Ta ló sọ fún ẹ pé ó parí?" ni wọ́n wí. "Ìyálé mi ni. A ò tíì jà tán."